Owó Òjijì àti Ìkọ̀sílẹ̀: Bí Ilé-Ẹjọ́ Ṣe Ń Pín Owó Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣiṣẹ́ Fún

Bí owó gọbọi bá já lu ẹnì kan nínú tọkọtaya tí ìgbéyàwó wọn ti ń mì tẹ́lẹ̀, gbólóhùn méjì ló sábà máa ń jáde. Ẹni tí owó bọ́ sí lọ́wọ́ á ní, "Orí mi ló jẹ tẹ́tẹ́ yìí. Ta ló fẹ́ bá mi pín orí?" Ẹnì kejì á ní, "A ò tíì kọ ara wa sílẹ̀ nígbà tó o jẹ ẹ́. Ìdajì rẹ̀ ti di tèmi." Mọ̀lẹ́bí á gbè sẹ́yìn tiwọn, ọ̀rẹ́ á gbè sẹ́yìn tiwọn, ìjà á sì ti gbóná janjan kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́.

Nínú gbólóhùn méjèèjì, kò sí èyí tó tọ̀nà tán. Adájọ́ kì í wo orí ẹni, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì-ìdajì kì í ṣe òfin tó múlẹ̀ níbi gbogbo. Ohun mẹ́rin ni adájọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ nípa owó náà: ìgbà wo ló dé, owó ta ni wọ́n fi wá a, kí ni wọ́n fi ṣe lẹ́yìn tó dé, ṣé wọ́n sì sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ìkẹrin yìí ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ jù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ó ti mú àpẹẹrẹ jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń gbé níbẹ̀ tí òfin ibẹ̀ sì de ìgbéyàwó wọn. A ó dé Amẹ́ríkà àti Brazil, a ó sì wá wo Nàìjíríà.

Kí ni owó òjijì?

Owó òjijì ni owó ńlá tí kò ti inú iṣẹ́ òòjọ́ wá, tí ẹni tó gbà á kò sì lè sọ pé òun ti ń retí rẹ̀. Ogún wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ńlá wà nínú rẹ̀. Owó gbà-má-bínú tí wọ́n san fún ẹni tí ọkọ̀ gbá wà nínú rẹ̀. Owó lọ́tìrì ni gbogbo ayé mọ̀ jù.

Ilé-ẹjọ́ kì í fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Ogún wá láti ìdílé ẹni tó jẹ ẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò sì lọ́wọ́ sí bí wọ́n ṣe kó o jọ. Owó gbà-má-bínú wà fún ara tó fara pa, fún oògùn àti ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó lọ́tìrì kò ti ìdílé ẹnikẹ́ni wá, kò sì wo egbò ẹnikẹ́ni. Owó kékeré ni wọ́n fi wá a, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó oúnjẹ ilé. Ìdí nìyí tí ó fi le ju ìyókù lọ láti pín, tí a ó sì fi dúró lórí rẹ̀ nínú àlàyé yìí.

Dúkìá ìgbéyàwó àti dúkìá àdáni

Dúkìá ìgbéyàwó ni ohun tí tọkọtaya fi àjọṣe wọn kó jọ: owó oṣù, ilé tí wọ́n jọ ń gbé, owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń tọ́jú nígbà tí wọ́n wà papọ̀. Dúkìá àdáni ni èyí tí ẹnì kan mú wá láti ìta: ohun tó ti ní kí wọ́n tó fẹ́ra, ogún rẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun nìkan.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1973 lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún adájọ́ ní agbára láti pín dúkìá bí ó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbé ọjọ́ orí, àìní, ìlera, ọmọ àti ipa oníkálukú yẹ̀ wò. Ní ọdún 2000, nínú ẹjọ́ White, àwọn adájọ́ àgbà sọ pé kò gbọdọ̀ sí ojúsàájú láàrin ẹni tó ń mówó wálé àti ẹni tó ń tọ́jú ilé àti ọmọ. Láti ìgbà náà ni ìdajì-ìdajì ti di ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ ìpín wò. Ní oṣù keje ọdún 2025, nínú ẹjọ́ Standish, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé dúkìá ìgbéyàwó nìkan ni ìwọ̀n yìí wà fún. Wọn kì í pín dúkìá àdáni bí ẹni ń pín èrè àjọṣe. Bí wọ́n bá máa fọwọ́ kàn án, àfi kí àìní fà á.

Nítorí náà, kí a tó béèrè pé "èló ló kàn mí?", a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí owó náà bọ́ sí nínú méjèèjì. Ìbéèrè mẹ́rin yẹn ló ń fi hàn.

Ìbéèrè kìíní: ìgbà wo ni owó náà dé?

Ní California, ohun tí tọkọtaya bá ní láti ọjọ́ ìgbéyàwó títí di ọjọ́ tí wọ́n pínyà jẹ́ ti àwọn méjèèjì bákan náà, àyàfi ogún àti ẹ̀bùn. Ohun tí ẹnì kan bá rí lẹ́yìn ọjọ́ ìpínyà, tirẹ̀ nìkan ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo lè sọ mílíọ̀nù kan dọ́là di ti ẹni méjì tàbí ti ẹnì kan. Òfin Brazil tilẹ̀ dárúkọ irú owó yìí gan-an: ìwé òfin aráàlú wọn ti ọdún 2002 sọ pé ohun tó bá bá ènìyàn ní kòńgẹ́, ìbáà jẹ́ pé ó ṣiṣẹ́ fún un tàbí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ti tọkọtaya ni, bí wọ́n bá fẹ́ra lábẹ́ ètò dúkìá tó wọ́pọ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ìpínyà ti ń pààlà bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Michigan, tọkọtaya kan fẹ́ra ní 2004, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù ní 2011. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ ní 2013 nígbà tí ọkọ jẹ lọ́tìrì mílíọ̀nù 80 dọ́là. Lẹ́yìn owó orí àti àwọn owó mìíràn tí wọ́n yọ, ó kù bíi mílíọ̀nù 39. Onílàjà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún ní kí ó fún ìyàwó rẹ̀ ní mílíọ̀nù 15. Ohun tó rò ni pé tíkẹ́ẹ̀tì yìí kò lè jẹ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà máa rà. Gbogbo èyí tó ti rà tí kò jẹ, àpò àwọn méjèèjì ló ti jáde. Bí àdánù bá jẹ́ ti ẹni méjì, èrè náà kò lè jẹ́ ti ẹnì kan. Ọkọ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ní 2019 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi ìpín yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ kíyè sí i pé mílíọ̀nù 15 kì í ṣe ìdajì 39. Ìpín tó tọ́ lójú òfin kò fi dandan jẹ́ ìpín ọgbọọgba.

Ìbéèrè kejì: owó ta ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló sì mọ̀ sí i?

Ọdún 2011 ni ilé-ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ jọ ń dáwó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Ní 1999, wọ́n jẹ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 500 sì kan obìnrin náà. Nígbà tí ìgbéyàwó tú, ọkọ ní kí wọ́n pín in.

Adájọ́ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ká ní tọkọtaya náà jọ ń ta tẹ́tẹ́ yìí ni, tí wọ́n jọ ń yan nọ́ńbà, tí owó ilé ni wọ́n fi ń rà á, èrè àjọṣe ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí fi owó tirẹ̀ ṣe é, pẹ̀lú ẹlòmíràn, láìsí ọwọ́ ọkọ níbẹ̀. Nítorí náà, níbi tó ti ṣẹ̀ wá, dúkìá àdáni rẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe rò pé orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ló parí ọ̀rọ̀. Orúkọ kàn ń fi ẹni tí wọ́n máa sanwó fún han iléeṣẹ́ lọ́tìrì ni. Adájọ́ ń wo ohun tó wà lẹ́yìn orúkọ.

Ìbéèrè kẹta: kí ni wọ́n fi owó náà ṣe?

Ẹjọ́ obìnrin yẹn kò parí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí owó dé, ó mú lára rẹ̀ ra ilé. Òun, ọkọ àti àwọn ọmọ wọn kó wọ inú ilé náà, wọ́n sì jọ gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Owó tó wà ní báńkì ní orúkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó di ilé ìdílé ti wọnú ìgbéyàwó. Ẹni tó da epo tirẹ̀ sínú ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ń jẹ kò lè wá máa ré epo náà kúrò lójú ọbẹ̀ pé òun fẹ́ mú un lọ. Adájọ́ ní kí obìnrin náà fún ọkọ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 85 pọ́n-ùn. Iye yìí kò súnmọ́ ìdajì owó tó jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo.

Báyìí gan-an ni ogún náà ṣe ń yí padà. Bàbá kú ní Ìjẹ̀bú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ta ilẹ̀ tó kàn án, ó fi owó rẹ̀ san gbèsè ilé tí òun àti aya rẹ̀ ń gbé. Láti ọjọ́ náà, kò rọrùn mọ́ fún un láti sọ pé ogún bàbá òun ni.

Ìbéèrè kẹrin: ṣé wọ́n sọ òótọ́?

Obìnrin kan ní Los Angeles ti wà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ fún ọdún 25. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ jẹ lọ́tìrì, mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 dọ́là sì kàn án, tí wọ́n máa máa san díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún. Ọjọ́ 11 lẹ́yìn náà, ó gbé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù. Kò dárúkọ lọ́tìrì nínú ìwé kankan. Àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa fi lẹ́tà lọ́tìrì ránṣẹ́ sí. Ọkọ buwọ́ lùwé láìmọ nǹkan kan, wọ́n sì tú ká.

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tiwọn kò tó ọdún mẹ́ta. Ní 1999, lẹ́tà kan wọlé sí ilé ọkọ, orúkọ ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan ló kọ ọ́, ó ń béèrè bóyá ó fẹ́ gba owó lọ́tìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dípò kó máa gbà á lọ́dọọdún. Ọkùnrin náà gba kọ́ọ̀tù lọ. Òfin California sọ pé ẹni tó bá fi jìbìtì pa dúkìá ìgbéyàwó mọ́ lè pàdánù gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kejì. Ohun tí adájọ́ ṣe nìyẹn. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn ní 2001. Ká ní obìnrin náà sọ òótọ́ ni, ó kéré tán ìdajì ì bá kù sí i lọ́wọ́.

Kò sí ọ̀nà àbáyọ nínú kí a kó owó fún ìyá, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kí ọkọ tàbí aya má bàa rí i. Òfin Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́ ní agbára láti dá irú owó bẹ́ẹ̀ dúró, tàbí kó gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kó o fún. Ní 2015, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ jẹ́ kí wọ́n tú ìpinnu ẹjọ́ méjì tó ti parí, nítorí pé ọkọ kò sọ òtítọ́ nípa dúkìá rẹ̀.

Àìní ń borí

Gbogbo ìbéèrè yìí ni àìní lè borí, pàápàá ti àwọn ọmọ. Bí dúkìá ìgbéyàwó kò bá tó láti fi rí ibùgbé fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè nawọ́ sí owó lọ́tìrì tàbí ogún tó jẹ́ dúkìá àdáni bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àìní nìkan ni yóò mú, kì í ṣe ìdajì. Bí ìyàwó bá ti nílé, tó níṣẹ́, tí kò sí ọmọ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà yìí dínkù fún un gan-an.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìkọ̀sílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀, owó sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, kò pọn dandan mọ́ kí ẹnì kan fẹ̀sùn kan ẹnì kejì kí wọ́n tó lè kọ ara wọn. Ẹni tó bá kọ̀wé máa dúró fún ọ̀sẹ̀ 20 kí wọ́n tó fún un ní ìwé àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó lé ọjọ́ kan kó tó lè béèrè ìwé ìkẹyìn.

Ní ti owó, àwọn méjèèjì máa kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí wọ́n ní àti gbèsè wọn sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní Form E, wọ́n á so ìwé báńkì mọ́ ọn, wọ́n á sì buwọ́ lù ú pé òótọ́ ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ya dúkìá ìgbéyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára ti àdáni. Wọ́n á gbìyànjú láti fẹnu kò, fúnra wọn tàbí níwájú adájọ́ kan tó máa sọ ibi tó rò pé ẹjọ́ máa já sí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ń parí síbẹ̀. Bí wọn kò bá fẹnu kò, adájọ́ mìíràn á gbọ́ ẹjọ́, á sì pàṣẹ. Bí wọ́n bá fẹnu kò, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àdéhùn náà lọ kí adájọ́ fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò sí gbèsè owó kankan mọ́ láàrin wọn.

Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí. Dale Vince tó dá iléeṣẹ́ iná mànàmáná Ecotricity sílẹ̀ gba ìkọ̀sílẹ̀ ní 1992, nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Kò sí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ owó pa. Ó di olówó ńlá lẹ́yìn náà. Ní 2011, ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ padà wá béèrè owó. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní 2015 pé ẹjọ́ rẹ̀ lè tẹ̀síwájú, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 pọ́n-ùn. Ẹni tó bá jẹ lọ́tìrì ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀ bí kò bá ti ilẹ̀kùn náà.

Nàìjíríà ńkọ́?

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló máa sọ òfin tó máa dá yín lẹ́jọ́. Bí ẹ bá fẹ́ra ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba, òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 ló kàn yín, ilé-ẹjọ́ gíga ló sì máa gbọ́ ọ. Abala 72 òfin náà fún adájọ́ ní agbára láti pín dúkìá bó bá ṣe tọ́, tó sì bá ẹ̀tọ́ mu. Kò sí ìdajì-ìdajì nínú rẹ̀, adájọ́ sì sábà máa ń béèrè ẹ̀rí ohun tí oníkálukú dá sí i: ríṣíìtì, ìwé báńkì, ẹlẹ́rìí.

Lábẹ́ àṣà Yorùbá, dúkìá ọkọ jẹ́ ti ọkọ, èrè ọjà ìyàwó sì jẹ́ ti ìyàwó. Ìyàwó tó jẹ tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú kò jẹ ọkọ rẹ̀ ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ tó jẹ ẹ́, àyàfi bí ẹnì kejì bá lè fi ẹ̀rí hàn pé àwọn jọ dáwó rẹ̀ ni. Lábẹ́ òfin Ìsìláàmù pẹ̀lú, oníkálukú ló ni ohun ìní rẹ̀, ọkọ ló sì ni gbígbọ́ bùkátà. Owó tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn náà.

Àwọn tó ń gbé láàrin ilẹ̀ méjèèjì ní láti ṣọ́ra jù. Tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan ti fẹ́ra fún ohun tó lé ní ọdún 35 kí ọkọ tó kọ ìyàwó ní kọ́ọ̀tù Èkó. Wọ́n ní kí ìyàwó máa gbé ilé kan l'Ékòó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtọ́jú díẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ń gbé. Ní 2010, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Britain fọwọ́ sí i pé kó gba ìpín 65 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó sì yọwọ́ nínú ti Èkó. Ìkọ̀sílẹ̀ tí a gbà nílé kò fi dandan pa ẹ̀tọ́ ẹni lẹ́yìn odi.

Bákan náà ni ti ibi tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí a ṣe ní Nàìjíríà bó ṣe tọ́ lè dúró lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìdána tàbí nìkáà nìkan tí a ṣe ní gbọ̀ngàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, láìlọ sí rẹ́jísírì, kì í sọ ènìyàn di ọkọ tàbí aya níwájú òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí kò lè sọ pé kí adájọ́ pín owó lọ́tìrì fún òun bí aya tàbí ọkọ.

Bí owó bá dé báyìí, kí ni kí a ṣe?

Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rí owó tí ẹ fi rà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí owó náà jẹ́ tiyín nìkan, ẹ fi í sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe fi ra ilé tí gbogbo yín jọ ń gbé títí ẹ ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín jọ ń ta tẹ́tẹ́ náà, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti pínyà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pínyà sílẹ̀, kí ẹ sì ní ẹ̀rí rẹ̀. Bí ìkọ̀sílẹ̀ bá ti parí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá adájọ́ pa ọ̀rọ̀ owó dé pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe pa á mọ́. Owó tí a sọ lè dín kù bí a bá pín in. Èyí tí a fi pamọ́ lè lọ pátápátá, pẹ̀lú owó lọ́yà àti orúkọ rere lẹ́yìn rẹ̀.